Igi Wílò Létí Odò Ovens, àti Koríko Tó Wà Lójú Omi Tiwa

(Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ọsirélíà ló bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí Zoom níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe sọ ọ́, àfi ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti já tó ní láti tún un sọ.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bí kámẹ́rà mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ rí orúnkún mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín, aago kan òru ti lù lọ́dọ̀ tèmi. Tí ẹ bá rí i tí mo ń yán, ẹ má bínú, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yín sú mi.

Ààrẹ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀. Wọ́n rí fọ́tò mi lórí Facebook, tí mo wọ bàtà òjò tó dé orúnkún, tí mo gbé ayùn dání, wọ́n wá bi mí pé ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti tán ni, tí mo fi di agégi. Rárá o, sà. Nọ́ọ̀sì ṣì ni mí. Iṣẹ́ agégi yẹn, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, tí èmi àti àwọn ará àdúgbò mi ń ṣe ní Sátidé méjì lóṣù. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Oúnjẹ ọ̀sán gan-an, olúkálukú ló ń gbé tiẹ̀ wá.

Ìlú kékeré kan ní apá àríwá-ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria ni mò ń gbé. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ovens. Orí òkè ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Bright kọjá, ó gba Myrtleford, ó gba Wangaratta, kó tó lọ já sínú odò Murray. Odò tó lẹ́wà ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ tí àárò ilé ń sọ mí, etí odò yẹn ni mo máa ń lọ jókòó sí, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá kan tí ẹ̀ka wọn tẹ̀ sórí omi. Mo fẹ́ràn àwọn igi náà gan-an. Mi ò mọ̀ pé àwọn gan-an ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn.

Willow ni wọ́n ń pe igi náà. Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: igi wílò tí àwọn ìgbèkùn fi dùùrù wọn kọ́ létí odò Bábílónì, nínú Sáàmù 137. Àwọn onímọ̀ ewéko ní ó jọ pé igi mìíràn ni ti Bábílónì yẹn, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára. Kò sí wílò kankan ní Ọsirélíà tẹ́lẹ̀. Àwọn Òyìnbó tó lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ló gbé e lọ ní àwọn ọdún 1800 sókè, kó lè di bèbè odò mú, kó ṣe ibòji fún màlúù, àti, ká sọ òótọ́, kí ojú wọn lè máa rí nǹkan tó jọ ilé. Ìjọba pàápàá ń gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1999 ni wọ́n wá kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú wílò sínú orúkọ ogún ewéko tó ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́ jù. Mẹ́ta péré ni wọ́n yọ sílẹ̀, títí kan èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí irun, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé.

Kí ló wá ṣe? Ẹ̀yin náà mọ akòko. Ẹ mọ lápálápá. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ gún un sílẹ̀ fi ṣe ọgbà, ó di igi. Wílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí o bá kàn fọwọ́ tẹ ẹ̀ka rẹ̀, ó ti kán. Afẹ́fẹ́ á kán an, omi á gbé e lọ, ibi tó bá ti gúnlẹ̀ ni yóò ti ta gbòǹgbò. Òmíràn sì wà tó ń fi irúgbìn rìn, irúgbìn tó fúyẹ́ bí òwú. Lẹ́yìn iná ńlá tó jó orí òkè Victoria ní 2003, irúgbìn yẹn fò láti àfonífojì, ó lọ hù sínú àbàtà tó wà lókè pátápátá, ní Bogong High Plains, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí. Títí di òní làwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń gòkè lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fà á tu.

Tó bá ti dúró sínú odò, gbòǹgbò rẹ̀ á tẹ́ bí ẹní sí ìsàlẹ̀ omi. Ẹrẹ̀ á jókòó lé e. Odò á fún, omi á wá ọ̀nà mìíràn gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé bèbè kejì. Igi tí wọ́n gbìn kó lè di bèbè mú ló wá ń wó bèbè! Nígbà tí àkókò ìwọ́wé bá tún dé, gbogbo ewé rẹ̀ á já sómi lẹ́ẹ̀kan náà, á jẹrà, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi á dín kù. Àwọn kòkòrò inú omi á dín kù pẹ̀lú, ebi á sì máa pa ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní platypus, tó jẹ́ pé kòkòrò wọ̀nyẹn ló ń jẹ. Platypus yìí ní ẹnu bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó ń yé ẹyin, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mi ò parọ́.

Ó tún ń mu omi. Àwọn onímọ̀ CSIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti ìjọba ibẹ̀, wọn èyí. Wọ́n rí i pé tí wọ́n bá mú wílò tó dúró sáàrin odò kúrò, omi tí wọ́n lè rí gbà padà lórí hẹ́kítà kan tó tó mílíọ̀nù 5.5 lítà lọ́dún. Ẹ fi táńkà omi oní-lítà 10,000 tí ẹ mọ̀ ka iye yẹn: táńkà 550 ni. Àmọ́ ẹ tẹ́tí síbi tó kù. Wílò tó dúró sórí bèbè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú omi, tí ẹ bá gé e, kò sí èrè omi kankan tó ṣe gúnmọ́ níbẹ̀, torí igi ìbílẹ̀ tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ náà á mu omi tirẹ̀. Igi kan náà, odò kan náà. Ibi tó dúró sí ló ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbé ayùn kí a tó gbé máàpù.

Bí a ṣe ń ṣe máàpù náà rèé. Láàrin April sí May ni ìgbà ìwọ́wé lọ́dọ̀ wa níbí. Igi ìbílẹ̀ ibẹ̀ kì í wọ́wé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ewé rẹ̀ tútù láti January dé December. Ṣùgbọ́n wílò, gbogbo ewé rẹ̀ á pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Tí o bá dúró lórí afárá, wàá rí ìlà aláwọ̀ ìyeyè tó ń bá odò lọ, kò lè sá pamọ́. A ó wá rìn létí odò ní méjì méjì, ẹnì kan ní bèbè yìí, ẹnì kan ní bèbè ọ̀hún, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Igi kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ ibi tó wà sórí áàpù, a ó kọ bó ṣe tóbi tó, bóyá inú omi ló wà tàbí orí bèbè, a ó ya fọ́tò rẹ̀. Ní September, tí òdòdó bá yọ, a ó padà lọ wò ó bóyá akọ ni tàbí abo, torí abo ló ń so irúgbìn, tí akọ bá sì wà nítòsí, ọ̀ràn ti dé. Níbi tí ẹsẹ̀ ò lè dé, ọkọ̀ ojú omi kékeré là ń wà. Àwọn kan wà ní New South Wales tí wọ́n ń pe ara wọn ní Willow Warriors, ọkọ̀ yẹn ni tiwọn látòkè délẹ̀, inú omi ni wọ́n ti ń wá wílò kiri. Èmi ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé etí omi ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ ẹ̀rù odò tó tutù bíi yìnyín yẹn ń bà mí. Ká má tíì sọ ti ejò. Ejò ibẹ̀ kì í ṣeré o.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ máàpù yìí tí mo kà sí òmùgọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tí kò sí wílò náà, wọ́n ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Pé a dé ibi báyìí, lọ́jọ́ báyìí, a wò ó, kò sí. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé iṣẹ́ ò tó yín ṣe ni? Ta ló ń ka ohun tí kò sí?

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọ inú ẹgbẹ́ náà, wọ́n fi wílò kékeré kan níbi tí odò ti tẹ kọdọrọ hàn mí, wọ́n ní kí n gé e, kí n fi oògùn pa ojú kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n sì gbé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ jìnnà sí omi. Mo gé e. Mo fi oògùn pa á. Mo to ẹ̀ka jọ sórí bèbè, ó rí rèterète bí igi ìdáná tí ìyá mi ń tò sẹ́yìn ilé. Mo wo aago, iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè mí ní ọsibítù, mo ní màá padà wá kó o lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí áàpù pé "ó ti parí", orúkọ mi wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mi ò lọ. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, mi ò lọ. Oṣù October 2022 ni omi kún káàkiri Victoria, oṣù kan náà tí omi ń gbé ilé lọ nílé níbí. Ẹ rántí.

Nígbà ìwọ́wé 2023, a lọ ka igi. Ní ìsàlẹ̀ odò, ó tó kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí mo ti gé igi yẹn, yanrìn kan wà láàrin omi. Máàpù fi hàn pé ọdún mẹ́rin léra wọn ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí wílò kankan. Lọ́jọ́ yẹn, a ka mẹ́tàlélógójì. Wọ́n dúró bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ewé wọn pọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà ọ̀kan tu, mo wo ìdí rẹ̀. Ojú ayùn wà níbẹ̀, ó dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Afẹ́fẹ́ kì í kán ẹ̀ka báyẹn.

Ìyá àgbà tó ń darí wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n rí ohun tí mo rí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yọ ìbọ̀wọ́ kan nínú àpò wọn, wọ́n nà án sí mi. Sátidé mẹ́ta la fi fà wọ́n tán, gbogbo wa, nítorí ẹrù ẹ̀ka kan tí mo fi sílẹ̀ lórí bèbè. Tí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ti kọ "kò sí" síbẹ̀ lọ́dọọdún, a ò bá rò pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ni, a ò bá kọjá lọ.

Kò sí nínú iṣẹ́ yìí pé kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti orí odò la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ń bọ̀ wá sísàlẹ̀, torí ohun tó bá wà lókè, omi á gbé e wá bá ọ. Àwọn igi ńlá, a kì í hú wọn. A ń lu ihò sí wọn lára, a ó da oògùn sínú ihò náà, igi á kú lórí ìdúró, gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì di bèbè mú títí igi ìbílẹ̀ tí a gbìn á fi dàgbà. A kì í fọ́n oògùn sójú omi. A gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí a tó fọwọ́ kan oògùn rárá, àwọn aláṣẹ odò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ká tó ṣe ohunkóhun.

Èyí tó le jù ni àwọn èèyàn. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó ń sin màlúù létí odò náà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní, "Bàbá mi ló gbin àwọn igi wọ̀nyí. Ìjọba ló fún un ní ọ̀pá tó gún sílẹ̀. Ẹ wá dé lónìí, ẹ ní ìdọ̀tí ni." Wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, níbo lo ti wá?" Mo ní Nàìjíríà ni, sà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Igi kì í ṣe ọmọ ibí, ìwọ náà kì í ṣe ọmọ ibí. Ta ló fẹ́ lé ta?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé orí ibùsùn. Mo rò ó títí. Igi ìbílẹ̀ ti Ọsirélíà kan tí wọ́n ń pè ní river red gum, tí à ń gbìn láti fi rọ́pò wílò, yukalípítọ́ọ̀sì ni, òun náà ni wọ́n gbìn káàkiri ilẹ̀ Haúsá níbí, òun náà ti di àlejò lẹ́yìn odi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn tàbí igi jẹ́ àlejò. Wílò tó wà níwájú ilé láàrin ìgboro, kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń ṣe nínú odò la bá a jà sí.

Bàbá náà gbà kí a ka igi wọn. Wọ́n gbà kí a pa àwọn tó wà nínú omi. Àwọn mẹ́ta tí màlúù ń sinmi sábẹ́ wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n níṣojú àwọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ di òní. Akọ ni wọ́n. A ń lọ wò wọ́n lọ́dọọdún, a ń ṣa ẹ̀ka tó bá já, bàbá ń fún wa ní tíì. Lójú tèmi, wọ́n ní ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ̀ wálé, torí Ààrẹ ti ń wo aago.

Koríko tó bo odò wa, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní water hyacinth, kì í ṣe òjú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn la bá láyé, àwọn la fi ń gbàdúrà pé ká lékè. Eléyìí, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lápá Àgbádárìgì, ojú omi ló gbà wọlé láti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún mọ bí ojú omi wa ṣe rí kó tó dé. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n tó bá rí oúnjẹ nínú omi, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń di ìlọ́po méjì. Ègé rẹ̀ kan tó bá já, ó ti di òmíràn nìyẹn. Irúgbìn rẹ̀ sì lè sùn sínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí.

Ẹ̀yin kan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó àbúrò mi lọ́dún tó kọjá. Ó ń rọbí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọ̀nà tí kì í gbà ju ogójì ìṣẹ́jú, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò, torí koríko wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, àwọn ọkùnrin ní láti sọ̀ kalẹ̀ máa fi àdá lànà. Ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ yè. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí wákàtí mẹ́ta jẹ́.

Mo gbọ́ pé àbá tó wà níwájú ìpàdé ni pé ká kó owó tí a dá jọ, ká fi yá ẹ̀rọ tó ń kó koríko fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ta kò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo wo fídíò ìmọ́tótó èbúté tí a ṣe lópin ọdún, lórí WhatsApp. Iṣẹ́ ribiribi ni, orin dùn, aṣọ ẹgbẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń fi ọ̀pá ti koríko náà sínú ìṣàn omi kó lè máa lọ. Níbo ló ń lọ? Èbúté ìlú kejì ni. Èyí tí a wà jọ sórí bèbè, mo wo bó ṣe súnmọ́ omi tó, mo kàn ń rántí ẹrù ẹ̀ka tèmi.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ mẹ́rin máa wa ọkọ̀ káàkiri odò wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú fóònù. Kí wọ́n máa tẹ ibi tí koríko wà àti ibi tí kò sí. Lóòótọ́, òjò ló ń gbé e dé, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè wa ló ti ń ṣàn wá. Ó sì lè jẹ́ pé kọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta kan wà nínú omi tiwa, níbi tí omi ti dákẹ́, tó ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó tún ń ti ibẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, àwọn ìlú tó wà lókè la máa lọ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wa ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, ọwọ́ àti àdá lè tó o, ẹ̀rọ ò pọn dandan. Ẹ̀yin àgbà apẹja, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ bi. Ẹ máà sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní oògùn apakoríko pé kí ẹ fọ́n ọn sí omi tí à ń mu. Mò ń bẹ̀ yín.

Dátà fóònù àti epo ọkọ̀ fún oṣù méjìlá yẹn, èmi àti ọkọ mi la máa san án. Owó ẹgbẹ́, kó jókòó sí báńkì. Tó bá di ìgbà tí a mọ ibi tí a fẹ́ ná an sí, kí a pín in sí méjì, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ọdún kejì àti ìkẹta, torí ó dájú pé a máa padà lọ.

Ọ̀dọ́ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, tó mọ odò, tó mọ̀wẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Obìnrin náà lè wá o. Màá máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lo áàpù náà lórí fóònù lálẹ́ Sunday, aago mẹ́jọ yín, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀ Monday tèmi.

Bàbá tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn, mo rí yín, sà. Ẹ béèrè.